Ilé Ẹ̀yìn ní Tokpota

Nígbà tí àrùn rọpárọsẹ̀ kọlu bàbá mi, ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ní kí èmi àti bàbá wá máa gbé yàrá tó wà lẹ́yìn ilé wọn ní Tokpota. Dépendance ni wọ́n ń pe irú ilé ẹ̀yìn bẹ́ẹ̀ lédè Faransé. Aránṣọ ni mí, mo sì ti ń bọ́ ara mi tipẹ́. Mo kó ẹ̀rọ mi wọbẹ̀, mo rò pé oṣù mẹ́ta péré ni.

Lọ́jọ́ kan nílé ìwòsàn, obìnrin tó ń tọ́jú bàbá kọ ọ̀rọ̀ yẹn gan-an, dépendance, sínú ìwé bàbá.

Mo ní, "Màmá, ta ló sọ fún yín pé ilé ẹ̀yìn là ń gbé?"

Ẹ̀rín pa á. "Kì í ṣe ti ilé. Ohun tí mo kọ ni pé bàbá ò lè dá nǹkan kan ṣe mọ́. Ẹlòmíràn ni wọ́n gbára lé."

Bàbá gbọ́. Wọ́n kọjú sí ògiri.

Lọ́dún kejì, ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ ṣí ilé ìránṣọ sí Avrankou, ó ní kí n wá máa bójú tó o. Ẹ̀gbọ́n mi gbà. Ìyàwó wọn ni yóò máa fún bàbá lóúnjẹ.

Nígbà tí mo ti ibi iṣẹ́ dé nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kìíní, ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi ló pàdé mi lẹ́nu ọ̀nà, abọ́ ẹ̀kọ lọ́wọ́. "Tàntí, wọn ò lanu láti àárọ̀. Mo bẹ̀ wọ́n títí, ó sú mi."

Mo gba abọ́. Ṣíbí ò tíì dé ẹnu wọn tí bàbá fi lanu.

"Bàbá, kí ló dé tí ẹ ò jẹun?"

Ahọ́n wọn ti wúwo, àmọ́ mo gbọ́ wọn: "Ìwọ ni mò ń retí."

Ó bí mi nínú. Inú mi sì tún dùn, ìyẹn ni n kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Bẹ́ẹ̀ la ṣe é fọ́jọ́ mẹ́ta. Lọ́jọ́ kẹrin, n kò lọ. Ọ̀gá mi fi ẹlòmíràn síbẹ̀.

Bí àlejò bá dé, ẹ̀gbọ́n mi á ní, "Ọrùn mi làwọn méjèèjì wà." Mò ń gbọ́ ọ láti inú yàrá. Ìrẹsì wọn là ń jẹ, kí ni ǹ bá wí?

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo lọ ra òwú ní Akron. Mo rà á tán, mo kàn dúró lẹ́bàá títì. Kò sẹ́ni tó ń pè mí, síbẹ̀ n kò rí ibi tí mo lè yà sí. Mo padà sílé kí ọ̀sán tó pọ́n, nítorí bàbá ò tíì jẹun.