Mujeebat Kúnlẹ̀, Iná Ò Pọ́n

Ẹ fi ohun tí ẹ ń ṣe sílẹ̀ ná. Ọ̀rọ̀ Mujeebat yìí, ẹ gbọ́dọ̀ gbọ́ ọ!

Ilé iṣẹ́ bísíkíìtì kan ní Olúyọ̀lé ló ti ń ṣiṣẹ́. Á jókòó sórí àga gíga nídìí tábìlì, á máa to bísíkíìtì sínú páálí títí ilẹ̀ á fi ṣú. Iṣẹ́ yìí ni òun àti ìyá ẹ̀ ń jẹ ní Àpáta.

Bẹ́ẹ̀ ni Ọ̀gá Gbádérọ̀, máníjà wọn, lọ kọ́ ẹ̀kọ́ ọlọ́jọ́ méjì ní Èkó. Iná kéékèèké tó ń ṣọ́ ọwọ́ òṣìṣẹ́ ló kó bọ̀. Ó gbé ọ̀kọ̀ọ̀kan síwájú gbogbo wọn. Bí ọwọ́ bá ń ṣiṣẹ́, iná á ní àwọ̀ ewé. Bí ọwọ́ bá sinmi, á pọ́n.

"Ìkíni ló ń jẹ àkókò wa," ó ní. "Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ìrìn, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta! Ṣé ìyẹn ń di bísíkíìtì ni? Ẹni tí iná ẹ̀ bá pọ́n, kó máa lọ sílé."

Jọlá, ọ̀kan nínú wọn, sín léraléra, iná ẹ̀ pọ́n. Ó ti wà nílé.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Alhaja Mùsílímátù, ìyá ẹni tó ni ilé iṣẹ́, tẹ ọ̀pá wọlé. Kò sẹ́ni tó gbójú sókè. Ọ̀gá Gbádérọ̀ nìkan ló dọ̀bálẹ̀. Kò kúkú sí iná níwájú òun.

"Ẹ̀yin ọmọ yìí, ṣé ẹ yadi ni?" Alhaja dúró níwájú Mujeebat.

"Má dán an wò o," Kaosarah tó jókòó tì í sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́.

Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ Mujeebat ò gbọ́. Kí òun, ọmọ ilé Àjàmú, jókòó kí àgbàlagbà? Ó sọ̀ kalẹ̀, ó fi orúnkún méjèèjì lélẹ̀, àmọ́ ó fi ọwọ́ sílẹ̀ lórí tábìlì. Àgbọ̀n ẹ̀ kan etí tábìlì, ọwọ́ ń to bísíkíìtì lọ.

"Ẹ káàsán mà. Ara yín le bí, mà?"

Iná ò pọ́n.

"Ọmọ tó lẹ́kọ̀ọ́ rèé!" Alhaja bẹ̀rẹ̀ àdúrà. Àdúrà Alhaja gùn. Mujeebat ń ṣe àmín, páálí ń kún.

Páálí yẹn ni Ọ̀gá Gbádérọ̀ ń wò. "Ó yá ju ti ìjókòó lọ," ó rọra wí.

Kí ọ̀sẹ̀ ó tó parí, wọ́n ti kó gbogbo àga lọ. Wọ́n tẹ́ fóòmù sílẹ̀. Wọ́n fi Mujeebat ṣe olórí. Òun ló ń kọ́ àwọn tuntun bí wọ́n ṣe ń kúnlẹ̀ ṣiṣẹ́. Àlejò tó bá wọlé á rò pé òun ni wọ́n ń kí, á máa súre fún wọn.

"Ẹ̀kọ́ ilé yín ló kó bá wa," Kaosarah ní. Kò gbójú sókè.

Ẹ rò pé mò ń parọ́? Ẹ lọ dúró sí Olúyọ̀lé nígbà tí wọ́n bá ń ṣíwọ́, kí ẹ wo orúnkún àwọn tó ń jáde.