Orúkọ Bọ̀ọ̀dá Gbadé Lórí Ẹ̀rọ

Ẹ má tíì rẹ́rìn-ín. Èmi náà lọ sí yunifásítì, mo sì ti fi àwọn tó ń gbàdúrà sí jẹnẹrétọ̀ ṣe yẹ̀yẹ́ rí. Ohun tí mo fẹ́ sọ yìí kì í ṣe àgbọ́sọ. Ojú mi méjèèjì ló rí i, àárọ̀ sì ni, oòrùn ti yọ. Ká ní òru ni, ǹ bá ní oorun ló ń kùn mí.

Ilé iṣẹ́ wa ní Ẹ̀jìgbò ló ń ta íńtánẹ́ẹ̀tì fún àwọn ará agbègbè. A ní òpó ní Ola, a ní ní Màsífà, a ní ní Ifẹ̀-Ọ̀dàn. Ètò kọ̀ǹpútà kan wà ní ọ́fíìsì tí a fi ń ṣọ́ gbogbo wọn. Ẹni tó bá wọ inú rẹ̀ lè ti òpó pa, ó sì lè rí gbogbo ohun tó ń gba ibẹ̀ kọjá. Ilé ìwòsàn kékeré kan ní Ifẹ̀-Ọ̀dàn wà lára àwọn oníbàárà wa. Ọ̀nà wa ni fáìlì àwọn aláìsàn wọn ń gbà.

Ìgbà tó yá, àwọn tó ṣe ètò náà kọ̀wé sí wa pé àwọn rí ihò kan nínú rẹ̀. Olè lè gba ibẹ̀ wọlé láìní páásíwọ́ọ̀dù. Wọ́n fi àbùlẹ̀ tí a ó lẹ̀ mọ́ ẹ̀rọ òpó kọ̀ọ̀kan láti fi dí i ránṣẹ́, wọ́n ní ká má fi falẹ̀.

Ọ̀gá wa, tó ti Àbíjàn dé pẹ̀lú owó àti Faransé díẹ̀, ka lẹ́tà náà tán, ó fọwọ́ rọ́ ọ tì. "Sà fẹ̀ ríyẹ̀n!" Ìyẹn ni pé kò séwu. Ìkórè ṣọ́ọ̀ṣì wọn ń bọ̀ lọ́jọ́ Ìsinmi, òun ni alága, àwọn èèyàn wa ní Àbíjàn yóò máa wò ó lórí fóònù. Àbùlẹ̀ yóò sì mú nẹ́tíwọ́ọ̀kì lọ fún wákàtí kan. Ó ní ká dúró. Ó wá pe alàgbà méjì kí wọ́n gbàdúrà sí ẹ̀rọ. Wọ́n ta òróró sí i lórí. Èmi ni mo nù ún kó tó kán sínú wáyà.

Ohun kan tún wà. Bọ̀ọ̀dá Gbadé, tó kọ́ mi níṣẹ́, ti kú lọ́dún yẹn. Ọ̀kadà ló gbé e ṣubú lọ́nà Ifẹ̀-Ọ̀dàn. Orúkọ rẹ̀ ṣì wà lára àwọn tí ètò náà ń ṣílẹ̀kùn fún. Nígbà tí mo ní kí n yọ ọ́, Ọ̀gá wò mí bí ẹni pé mo gbé ṣọ́bìrì lọ sórí sàréè rẹ̀.

"Ṣé o fẹ́ pa á lẹ́ẹ̀kejì ni?"

Mo fi í sílẹ̀.

Àárọ̀ ìkórè, èmi àti Bàbá Ráájí tó ń ṣọ́ géètì nìkan ló wà ní ọ́fíìsì. Mo ń wo Ọ̀gá bó ṣe ń jó lórí fóònù mi. Bí mo ṣe gbójú sókè, ìlà kan yọ lórí kọ̀ǹpútà: Gbadé ti wọlé, láti Ifẹ̀-Ọ̀dàn.

Ẹ gbà mí gbọ́. Mo ní olè ni. Mo ti fẹ́ ti gbogbo òpó pa.

Ṣùgbọ́n olè yìí kò jí nǹkan kan. Ó wọ òpó Ola, ó lẹ àbùlẹ̀ mọ́ ọn. Ó wọ ti Màsífà, ó lẹ tibẹ̀ náà. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò ṣẹ́jú. Ọ̀gá ṣì ń jó. Ẹnì kan ṣoṣo ni mo mọ̀ tó máa ń ṣe é láìjẹ́ kí nẹ́tíwọ́ọ̀kì lọ, kò sì tíì kọ́ mi kó tó kú.

Mo ké sí Bàbá Ráájí. Wọ́n dúró lẹ́yìn mi.

"Ta lo ń wò?" Wọ́n sọ ọ́ jẹ́jẹ́.

"Bọ̀ọ̀dá Gbadé ni wọ́n kọ síbẹ̀, Bàbá."

Wọ́n ṣí fìlà. "Ìṣojú mi la ti sin ọmọ yẹn. Ṣé ó ti pè ọ́ lórúkọ?"

"Rárá, sà."

"Má jẹ́ kó pè ọ́."

Olórí kunkun ni mí. Àyè kékeré kan wà tí àwọn tó wà nínú ètò náà fi ń kọ̀wé síra wọn. Mo kọ ọ́ síbẹ̀ pé: "Ẹ̀yin ta nìyẹn?"

Èsì dé: "Ṣé ibà yẹn ti lọ?"

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni rí. Lọ́jọ́ tí Bọ̀ọ̀dá Gbadé kú, èmi ni wọ́n rán lọ sí Ifẹ̀-Ọ̀dàn. Ẹ̀rọ ibẹ̀ ti gbó, kì í gba àtúnṣe láti òkèèrè. Èèyàn ní láti gbé kọ̀ǹpútà lọ bá a. Oòrùn mú, bọ́ọ̀lù sì wà tí mo fẹ́ wò. Mo ní ibà ń ṣe mí. Bọ̀ọ̀dá Gbadé ní, "Sùn, àbúrò, màá lọ dípò rẹ." Kò sí ibà kankan.

Ìlà kejì yọ: "Ti Ifẹ̀-Ọ̀dàn ló kù. Ìwọ ni kó o lọ." Lẹ́yìn náà, orúkọ náà kúrò lójú ẹ̀rọ.

Lọ́jọ́ Ajé, Ọ̀gá rí i pé wọ́n ti lẹ àbùlẹ̀ mọ́ Ola àti Màsífà. Ó ní, "Ẹ ò rí iṣẹ́ àdúrà!" Èmi gbé kọ̀ǹpútà, mo gun ọ̀kadà, ó di Ifẹ̀-Ọ̀dàn. Nígbà tí a dé ibi tí Bọ̀ọ̀dá Gbadé ti ṣubú, mo ní kí ọlọ́kadà padà.

"Ṣé ẹ ò débẹ̀ mọ́ ni?"

"Ṣáà padà."

Mo sọ fún Ọ̀gá pé mo ti ṣe é. Ó gbóríyìn fún mi níwájú gbogbo òṣìṣẹ́.

Láti ìgbà náà, ní gbogbo ọjọ́ Ìsinmi, orúkọ yẹn máa ń wọlé láti Ifẹ̀-Ọ̀dàn. Kì í ṣe nǹkan kan. Yóò kàn dúró síbẹ̀. Bó bá jẹ́ olè ni, èmi ni mò ń bò ó láṣìírí. Bí kì í bá ṣe olè, mo mọ ẹni tó ń dúró dè.

Ẹ̀yin tí ẹ̀ ń ṣe irú iṣẹ́ yìí, bí wọ́n bá rán yín lọ dí ihò, ẹ fẹsẹ̀ ara yín lọ. Ẹ̀yin ará Ifẹ̀-Ọ̀dàn, bí nọ́ọ̀sì bá fẹ́ tẹ àìsàn yín sínú kọ̀ǹpútà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ní kó fi bírò kọ ọ́ sínú ìwé. Mi ò tíì lọ.