Ìyádùnní Lọ Bèèrè Ọmọ Rẹ̀

Iṣẹ́ epo pupa ni Ìyádùnní ṣe ní Ìkọ̀yà tó fi tọ́ Rẹ̀mílẹ́kún, ọmọ kan ṣoṣo tó kù fún un lẹ́yìn ikú ọkọ rẹ̀. Nígbà tí ọmọ náà wà ní girama ní Òkìtìpupa, ọkàn ìyá rẹ̀ balẹ̀. Ní òpin sáà kọ̀ọ̀kan, ọ̀gá ilé ìwé á fi ìwé ránṣẹ́, Lucas, tíṣà ìjọ wọn, á sì kà á fún un: ipò kẹrin ló mú, ó mọ ìṣirò, àmọ́ ariwo rẹ̀ ti pọ̀ jù ní kíláàsì. Ìyádùnní á rẹ́rìn-ín, á ní kó tún un kà.

Ní ọdún 1969, Rẹ̀mílẹ́kún wọ ilé ẹ̀kọ́ gíga kan ní Ìbàdàn. Láti ìgbà náà, ìwé kankan kò ti ọ̀dọ̀ àwọn ọ̀gá rẹ̀ wá mọ́. Lọ́dún àkọ́kọ́, ọmọ náà ń kọ̀wé fúnra rẹ̀. Lọ́dún kejì, tirẹ̀ náà dáwọ́ dúró. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni Lucas bá Ìyádùnní kọ̀wé sí i, èsì ò dé. Kérésìmesì dé, Rẹ̀mílẹ́kún ò dé. Ni obìnrin tí kò kọjá Orè rí bá wọ ọkọ̀ Ìbàdàn.

Akọ̀wé kan, ọ̀dọ́mọkùnrin, ló gbà á ní ọ́fíìsì. Ó fún un ní àga, ó gbọ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀ délẹ̀, ó yẹ ìwé ńlá kan wò, ó sì pa á dé.

"Màmá, ẹ má bínú. Ẹni tó bá ti wọ ibí, àgbà la kà á sí. Òun fúnra rẹ̀ là ń bá sọ̀rọ̀. A kì í sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ fún òbí, àfi tó bá fọwọ́ sí i."

"Mi ò wá tọpinpin. Ṣé ara rẹ̀ yá? Ṣé ó ṣì ń kàwé?"

"Mi ò gbọ́dọ̀ sọ, Màmá."

"Èmi ni mo bí i."

"Mo mọ̀." Akọ̀wé náà wolẹ̀. Ó ní òun lè bá a kọ ìwé kékeré kan, kí òun fi sínú àpótí tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti ń mú lẹ́tà wọn.

Ìyádùnní ronú títí. "Ẹ kọ ọ́ pé mo wá."

Bí akọ̀wé ṣe ń ki ìwé náà bọ inú àpótí, Ìyádùnní rí lẹ́tà mẹ́ta tó ti wà níbẹ̀. Kò mọ̀wé kà, àmọ́ ó mọ àmì ìka elépo tó wà lẹ́yìn wọn. Òun ló fọwọ́ ara rẹ̀ lẹ̀ wọ́n.

"Tèmi nìwọ̀nyẹn. Ṣé kí n kó wọn lọ sílé?"

"Orúkọ rẹ̀ ló wà lára wọn, Màmá. Tirẹ̀ ni."

Ó dúró ní ẹnu géètì títí oòrùn fi yí, ó ń wo ojú gbogbo ọmọkùnrin tó bá ń kọjá. Lẹ́yìn náà ó wọkọ̀, ó padà sílé.

Nígbà òjò ọdún 1971, awakọ̀ igi gẹdú kan mú ìròyìn wá láti Sàpẹ́lẹ̀. Ó ní Rẹ̀mílẹ́kún ń ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń la pákó, ó kí ìyá rẹ̀, ó sì ní kó má wulẹ̀ wá. Ohun tó lé e kúrò nílé ẹ̀kọ́, awakọ̀ náà ò mọ̀ ọ́n. Ìyádùnní bi í bóyá ọmọ náà rù. Ó ní òun ò fara balẹ̀ wò ó.

Ìyádùnní dúpẹ́ lọ́wọ́ ọkùnrin náà, ó bu omi fún un mu. Lucas bi Ìyádùnní bóyá kí òun kọ̀wé sí ọmọ náà. Ó ní kó jẹ́ ná.