Ọjọ́ Tí Láfún Màmá Mi Dá Adigunjalè Dúró

Bí mo tilẹ̀ dàgbà hu ewú, n kò ní gbàgbé ọjọ́ tí àwọn adigunjalè gba owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́ oko ẹ̀gẹ́ ńlá kan lẹ́bàá Ayétòrò. Bàbá mi wà lára àwọn òṣìṣẹ́ náà.

Láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, Bàbá tún ráhùn pé òórùn ẹ̀gẹ́ tí Màmá rẹ sómi láti fi ṣe láfún ti gba gbogbo ilé. Èmi àti Màmá ru ẹ̀gẹ́ náà lọ sẹ́bàá títì, níbi tí àwọn obìnrin abúlé wa ti máa ń sá láfún sóòrùn.

Kò pẹ́ tí ìbọn fi dún lọ́ọ̀ọ́kán. Ọlọ́kadà kan sáré kọjá, ó ní, "Wọ́n ti dá ọkọ̀ owó lọ́nà o, ibí ni wọ́n ń bọ̀."

Àwọn obìnrin fẹ́ sá lọ. Màmá ní, "Ẹ kọ́kọ́ da ẹ̀gẹ́ yín sójú kọ́nà yìí." Wọ́n dà á, a sì sá wọgbó.

Ọkọ̀ àwọn olè bá eré burúkú dé. Ó gun ẹ̀gẹ́ tútù náà, ó yọ̀, ó já sí kòtò. Wọ́n fi àpò owó sílẹ̀ sínú ẹ̀gẹ́ náà, wọ́n tiro wọ inú oko. Àwọn ọdẹ mú wọn kí oòrùn tó wọ̀.

Nígbà tí Bàbá gba owó oṣù rẹ̀, ó gbóòórùn rẹ̀. "Ó ń rùn bíi láfún." Màmá kàn wò ó. Bàbá rọra kó o sápò, ó ní òórùn náà dára.

Nílé ìwé, wọ́n máa ń pè mí ní ọmọ oníláfún láti fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ní báyìí, èmi fúnra mi ni mo ń pe ara mi bẹ́ẹ̀.