Àga Kan Ṣoṣo Tí Bàbá Mi Kò Tà

Nílé wa ní Okere, ní ìlú Warri, kò sí ohun tí kì í ṣe ọjà. Àwo tí mo fi jẹ ìrẹsì láàárọ̀ lè ti bá oníbàárà lọ kó tó di ọ̀sán. Lọ́jọ́ kan, a wà nídìí oúnjẹ nígbà tí ọkùnrin kan wọlé, ó wo tábìlì tá a yí ká, ó sì bi bàbá mi pé èló ni. Bàbá mi ní ká gbé abọ́ wa sílẹ̀. Ilẹ̀ la ti jẹ oúnjẹ náà tán. Ìyá mi ń rẹ́rìn-ín, ó ní ká máa dúpẹ́ pé ọkùnrin náà kò béèrè iye tí wọ́n ń ta àwọn ọmọ.

Iṣẹ́ gbàǹjo ni bàbá mi ń ṣe. Láti agbègbè Ọ̀yọ́ ló ti wá sí Warri, aṣọ ló sì kọ́kọ́ ń tà, kó tó di ọjọ́ tó bá àwọn ará ilé wa kan lọ sí àdúgbò Ajamimogha, níbi tí òyìnbó kan ti ń padà sí ìlú rẹ̀, tí wọ́n ń lu ẹrù rẹ̀ ní gbàǹjo. Ife gíláàsì mẹ́fà ló rà lọ́jọ́ náà. Ó sọ ọ́ fún wa títí ó fi sú wa pé nígbà tí òun fi èékánná ta ẹnu ife kan, ohùn tó jáde pẹ́ kó tó kú, òun sì ti mọ̀ lójú ẹsẹ̀ pé òun kò ní ta aṣọ mọ́. Látìgbà náà, gíláàsì, àwo tánganran àti àga ló kù tó ń rà, èyí tó ti pẹ́ nìkan. Bí o bá gbé àwo tuntun fún un, á dojú rẹ̀ dé, á wo ìdí rẹ̀, á sì gbé e sílẹ̀ bí ẹni pé àwo náà bú u.

Obìnrin ni mí, ṣùgbọ́n èmi ni àkọ́bí, èmi ló sì ń mú lọ. Ó kọ́ mi pé kí n máa fi ìka tọ etí àwo yí ká, nítorí ojú lè fo ibi tó ti ṣán, ìka kì í fò ó. Ó kọ́ mi pé bó bá jẹ́ àga, abẹ́ rẹ̀ ni kí n kọ́kọ́ wò. Bí igi bá wọnú igi láìsí ìṣó, ẹni tó mọ iṣẹ́ ló ṣe é. Bí mo bá rí ìṣó tuntun, kí n mọ̀ pé ẹnì kan fẹ́ tan ẹnì kan jẹ.

Ohun mìíràn tó kọ́ mi, òun ló wá ṣe mí léṣe. Àwọn ọlọ́jà wa tó wá láti Ọ̀yọ́ kì í fi owó lé ara wọn ní gbàǹjo. Bí wọ́n bá wọnú ọgbà, wọ́n á kí ara wọn, wọ́n á yí ẹrù ká bí ẹni tí kò rí nǹkan kan tó wù ú. Ẹni tó bá fẹ́ gíláàsì á gbé ọwọ́ lé e. Ẹni tó bá fẹ́ àga á jókòó sórí rẹ̀, kò sì ní sọ nǹkan kan. Bí àgbà bá ti jókòó, ó parí nìyẹn. Kò sí ọmọ wa kankan tó máa lanu dá owó lé àga náà títí onígbàǹjo á fi lu òòlù. Bó bá jẹ́ pé ìwọ náà fẹ́ ẹ dénú, wàá dúró di ẹ̀yìn ìrun ọ̀sán, wàá lọ bá a ní mọ́sáláṣí, á sì gbé e fún ọ ní iye tó rà á, wàá kàn fi obì díẹ̀ kún un. Bàbá mi fẹ́ràn láti máa sọ pé bí ọmọdé bá mọ ọwọ́ wẹ̀, á bá àgbà jẹun. Mo mọ ọwọ́ wẹ̀ dáadáa.

Nínú gbogbo ẹrù yẹn, àga kan ṣoṣo wà tí bàbá mi kò tà. Ó kúrú, ìjókòó rẹ̀ fẹ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ gún, apá rẹ̀ méjèèjì sì ti dán nítorí ọwọ́ àwọn tí a kò mọ̀ rí. Wọ́n sọ fún bàbá mi pé irú rẹ̀ làwọn obìnrin òyìnbó ayé àtijọ́ fi ń fún ọmọ lọ́mú. Orí rẹ̀ ni ìyá mi ti fún àbígbẹ̀yìn wa lọ́mú. Nígbà tí orúnkún ìyá mi wá kọ̀, tí kò lè forí kanlẹ̀ mọ́, orí àga náà ló ti ń kírun, nítorí gíga rẹ̀ bá a mu. Bó bá tẹ̀ síwájú, ẹsẹ̀ rẹ̀ á dúró gírígírí nílẹ̀. Ìgbà kan wà tí ẹsẹ̀ ọ̀tún àga náà là. Bàbá mi gé agolo mílíìkì, ó lù ú pẹrẹsẹ, ó sì fi ìṣó kéékèèké mẹ́rin kàn án mọ́ inú ẹsẹ̀ náà, níbi tí ojú kò lè tó. Èmi ni mo bá a di ẹsẹ̀ àga mú. Mo fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé ìṣó tuntun rèé o, ta la fẹ́ tàn jẹ. Ó ní ìyá mi ni, kí n má sọ fún un.

Ìjà ẹ̀yà sí ẹ̀yà wá dé ní Warri. Àwọn tí wọ́n jọ ń pọn omi nínú kànga kan náà bẹ̀rẹ̀ sí í yìnbọn fún ara wọn, ọ̀rọ̀ tí kì í ṣe tiwa sì wá bá wa nílé. Lówùúrọ̀ ọjọ́ tí èéfín gba òkè òpópónà wa, bàbá mi jókòó sílẹ̀, ó ń fi ìwé ìròyìn wé ife lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìyá mi pariwo mọ́ ọn, mo sì fa ọwọ́ rẹ̀. Ife méjì péré ló gbé sápò tá a fi sá dé Otor-Udu, ìlú kan nítòsí Warri, lọ́dọ̀ obìnrin kan tí ìyá mi ń ra gààrí lọ́wọ́ rẹ̀. Yàrá kan ló fún wa, kò sì béèrè ọjọ́ tí a máa lọ. Títí dòní ni mo ń ṣàdúrà fún un.

Nígbà tí a padà dé Okere, wọ́n ti yọ ilẹ̀kùn lọ. Wọ́n ti kó ohun tí wọ́n lè gbé, wọ́n sì ti fọ́ ìyókù. A ò rí àga ìyá mi níbẹ̀. Inú bí mi sí àwọn tó fọ́ ọ ju àwọn tó kó o lọ. Ẹni tó jí àwo lè fi jẹun, àmọ́ kí ni ẹni tó fọ́ ọ rí jẹ? Bàbá mi lóṣòó sáàárín àfọ́kù náà, ó ń mú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń fi ìka tọ etí wọn yí ká. Mo ní kó dìde, ọwọ́ rẹ̀ ń ṣẹ̀jẹ̀. Kò dìde. A padà lọ ń gbé Otor-Udu. Kò lọ sí gbàǹjo kankan mọ́ lẹ́yìn ìyẹn, ọdún kò sì yípo tó fi kú níbẹ̀. Dókítà ní ẹ̀jẹ̀ ríru ni. Èmi mọ ohun tó pa á.

Ìyá mi wá ń kírun lórí àga oníke. Lọ́jọ́ kan, bó ṣe tẹ̀ síwájú, àga náà yọ̀ lẹ́yìn rẹ̀, ó sì fi ẹnu gbá símẹ́ńtì. Eyín rẹ̀ méjì lọ sí i. Láti ọjọ́ náà, orí ẹní ló ti ń kírun ní ìdùbúlẹ̀, ojú nìkan ló fi ń tẹ̀. Ó ní kò dun òun, Ọlọ́run mọ̀ pé òun kò ṣe ọ̀lẹ. Ṣùgbọ́n gbogbo ìgbà tí mo bá ti Warri dé ló máa ń bi mí pé, “Ṣé o rí àga mi?” Bí ẹni tó ń béèrè arìnrìn-àjò ló ṣe ń béèrè rẹ̀. Mo máa ń sọ fún un pé mi ò tíì rí i, á sì ní kò burú, màá rí i.

Èmi ni mo jogún iṣẹ́ bàbá mi, ní ìsọ̀ kékeré kan ní Okere. Lẹ́yìn ọdún mélòó kan, àwọn ọmọkùnrin oníbọn inú odò bẹ̀rẹ̀ sí í jí òyìnbó iléeṣẹ́ epo gbé, àwọn òyìnbó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kó lọ. Gbàǹjo wá pọ̀ bí òjò. Ojú ń tì mí láti sọ ọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀rù tó ń bà wọ́n ni à ń jẹ. Òwúrọ̀ Sátidé kan, mo wọ ọgbà ilé kan ní Ajamimogha, àwọn sójà dúró lẹ́nu géètì, wọ́n sì ti kó ẹrù jáde sábẹ́ igi máńgòrò. Àga ìyá mi wà láàárín fíríìjì kan àti kápẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ká.

Mo bẹ̀rẹ̀ bí ẹni tó ń di bàtà, mo sì ki ọwọ́ sínú ẹsẹ̀ ọ̀tún. Páànù agolo náà wà níbẹ̀. Mo ka ìṣó rẹ̀, mẹ́rin ni. Ẹnì kan ti jí i, ẹnì kan ti tà á fún òyìnbó, òyìnbó náà sì ń lọ. Ẹkún gbọ̀n mí. Mo gbé e mì, nítorí kò sí ọlọ́jà tó ń sunkún lé ọjà tó fẹ́ rà. Owó tó ju iye rẹ̀ lọ fíìfíì ló wà létí ìró mi. Mo bá ṣe bí wọ́n ṣe kọ́ mi. Mo kúrò nídìí rẹ̀, pé màá padà wá jókòó lé e tó bá yá, mo lọ ń yí ìdí àwo wò lápá kejì ọgbà bí ẹni tí kò rí nǹkan kan tó wù ú.

Nígbà tí mo fi máa padà, Alájì àgbà ti jókòó sórí rẹ̀. Òun ni àgbà pátápátá nínú àwọn ọlọ́jà wa, ọ̀rẹ́ bàbá mi ni, ó sì ti lé ní ọgọ́rin ọdún. Ó gbé ọwọ́ lé apá àga méjèèjì, tẹ̀sùbáà wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó dijú. Mo kúnlẹ̀ kí i. Ó ṣàdúrà fún mi, ó ṣàdúrà fún òkú bàbá mi, ó bi mí léèrè àlàáfíà ìyá mi. Mo ní a dúpẹ́. Ó yẹ kí n sọ ọ́ níbẹ̀. Báwo ni mo ṣe fẹ́ sọ fún àgbà pé kó dìde lórí ohun tó ti jókòó lé? Mo sọ fún ara mi pé kò sí ewu, ẹni wa ló máa rà á, màá lọ bá a lẹ́yìn ìrun.

Nígbà tó kan àga náà, àwọn méjì ran Alájì lọ́wọ́ dìde. Onígbàǹjo pe owó. Ọkùnrin kan tó dé fìlà iléeṣẹ́ nawọ́ láti ẹ̀yìn. Mo wo Alájì, ó ń ka tẹ̀sùbáà rẹ̀ lọ. Ọgbọ́n àwọn àgbà gbàǹjo ni mo pè é, nítorí ó máa ń di òpin kí wọ́n tó sọ̀rọ̀. Onígbàǹjo wò wá yíká, ó ní, “Who dey add? I wan close am o.” Mo ṣì ń wo Alájì. Òòlù dún. Iye tí ọkùnrin náà fi gbà á kò tó owó àpò ìrẹsì kan.

Mo sá tọ Alájì lọ, mo kúnlẹ̀.

“Bàbá, kí ló dé tẹ́ ẹ jẹ́ kó bọ́?”

“Kí ló bọ́?”

“Àga tẹ́ ẹ jókòó lé.”

“Ọmọ mi, ẹsẹ̀ ló ń ro mí. Àtàárọ̀ ni mo ti wà ní ìdúró. Kí ni mo fẹ́ fi àga ṣe?”

Mo wá sọ fún un pé àga ìyá mi ni. Ó tẹjú mọ́ mi, tẹ̀sùbáà náà dúró lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní, “O ò ṣe sọ̀rọ̀?” Mo ní ọ̀wọ̀ ni mo ń bù fún un. Wọ́n ní ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Gbogbo ìgbà tí mo bá ti gbọ́ òwe yẹn látìgbà náà, ńṣe ni mo máa ń dìde kúrò láàárín àwọn tó ń pa á.

Mo bá ọkùnrin onífìlà náà níbi tó ti ń fi okùn de àga mọ́ ẹ̀yìn ọkọ̀. Pidgin ni mo fi bẹ̀rẹ̀, Yorùbá Èkó ló fi dá mi lóhùn. Iléeṣẹ́ epo ló gbé e wá sí Warri, ìyàwó rẹ̀ wà l'Ékòó pẹ̀lú oyún, ó sì ti pe ìyàwó náà lórí fóònù pé òun ti rí àga tó máa fi fún ọmọ lọ́mú. Mo ní màá san ìlọ́po méjì, màá san ìlọ́po mẹ́ta. Ó ní kí n má bínú. Mo ní ìyá mi ló ni ín. Ó rọra wò mí pẹ̀lú àánú, irú àánú tí wọ́n fi ń wo ẹni tó ń purọ́. Mi ò bá a wí, torí ní gbàǹjo, kò sẹ́ni tí kì í sọ pé ìyá òun ló ni ohun tó bọ́ mọ́ òun lọ́wọ́. Mo wá ní kó wo inú ẹsẹ̀ ọ̀tún, bàbá mi fi páànù kàn án níbẹ̀. Ó wò ó. Ojú rẹ̀ bàjẹ́, kì í ṣe nítorí tèmi.

“Ẹ̀n-ẹ́n, ó ti là rí? Ṣé ó máa gbé ènìyàn báyìí, Mà?”

Kí ni kí n sọ? Iṣẹ́ bàbá mi ni. Mo ní ó máa gbé e. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi, ó sì wakọ̀ lọ.

Oòrùn kò tíì wọ̀ tí mo fi dé Otor-Udu. Ìyá mi wà lórí ẹní, ó ń dúró de àkókò ìrun. Ó ní, “Ṣé o rí àga mi?” Mo ní mi ò rí i. Ohùn mi lè ti yàtọ̀, mi ò mọ̀, nítorí ó wò mí fún ìgbà díẹ̀, ó sì yíjú sí ògiri. Ó ní ó jọ pé wọ́n ti fi dáná, igi gbígbẹ ni, yóò ti jó dáadáa.

Kò béèrè mọ́ títí tó fi kú. Gbogbo ìgbà tí mo bá ti Warri dé, màá dúró lẹ́nu ọ̀nà díẹ̀, màá máa retí pé kó béèrè, kí n lè sọ òtítọ́ fún un. Á kí mi káàbọ̀, á béèrè bí ọjà ṣe rí, á sì ní kí n bá òun gbé ẹní súnmọ́ ògiri.