Ọjọ́ Tí Bàbá Jàmáíkà Ní Ká Wá Kó Ìbọn Wọn

Ìrẹsì ni mo ń fọ̀ lọ́sàn-án Sátidé kan tí ọkọ mi wọ kíṣìnì, tó fa àga kan, tó jókòó, tó wá ní, "Ìyá Ìbejì, mo fẹ́ ra ìbọn."

Abọ́ bọ́ lọ́wọ́ mi. Gbogbo ìrẹsì dà sínú síǹkì. Mo yíjú wò ó bóyá ó ń ṣàwàdà, àmọ́ kò rẹ́rìn-ín. Olùkọ́ ìṣirò ni. Láti ìgbà tí a ti kó wá sí Canarsie nílùú òyìnbó yìí, mi ò gbọ́ kó gbóhùn sókè sí ẹnikẹ́ni rí. Nígbà tí eku wọ àjà ilẹ̀ ilé wa, èmi ni mo pa á; òun dúró sórí àtẹ̀gùn, ó ń bẹ̀ mí pé kí n kàn lé e jáde.

"Ìbọn kẹ̀? Ta lẹ fẹ́ yìnbọn fún?"

"Bébà ni. Bébà la máa ń yìnbọn fún. Eré ìdíje ni."

"La máa ń" yẹn ló gún mi létí. Ẹni tó ní "a máa ń" ti ń ṣe nǹkan ọ̀hún tipẹ́. Mo nu ọwọ́ mi, mo jókòó níwájú rẹ̀, mo ní kó sọ gbogbo rẹ̀ fún mi. Ó sì sọ ọ́. Gbogbo Sátidé tí mo rò pé ó ń lọ sí jíìmù, ilé ìyìnbọn kan lábẹ́ ilẹ̀ ló ń lọ pẹ̀lú bàbá kan tó ń gbé ní òpópónà tó tẹ̀ lé tiwa, awakọ̀ bọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì. Ará Jàmáíkà ni bàbá náà; Bàbá Jàmáíkà ni à ń pè wọ́n nínú ilé wa. Mo mọ̀ wọ́n bí ẹni mowó. Àwọn ni wọ́n máa ń bá wa kó yìnyín kúrò lẹ́nu ọ̀nà nígbà òtútù láìjẹ́ pé a bẹ̀ wọ́n. Mi ò mọ̀ pé ìbọn wà nílé wọn. Ọkọ mi ní ìbọn gígùn kékeré ni wọ́n fi ń kọ́ òun láti ọjọ́ yìí, pé ìbọn ìléwọ́ gan-an ló wu òun, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó lè ní in nílùú yìí láìgba láísẹ́ǹsì lọ́wọ́ ọlọ́pàá, àti pé àwọn ọlọ́pàá fẹ́ kí ìyàwó ilé fọwọ́ sí i.

"Ọwọ́ mi yìí?" Mo na ọwọ́ méjèèjì sí i. "Ẹ wò ó dáadáa, Bàbá Ìbejì. Kò ní bọ́ sórí irú bébà bẹ́ẹ̀."

Nọ́ọ̀sì ni mí. Yàrá pàjáwìrì ni iṣẹ́ mi. Ohun tí ìbọn ń ṣe sí ara èèyàn, ẹnikẹ́ni kò lè ròyìn rẹ̀ fún mi. Mo ti fi ọwọ́ wọ̀nyí dí ẹ̀jẹ̀ lára ọmọ ọlọ́mọ tí kò ju àwọn ọmọ tèmi lọ, tí ìyá rẹ̀ ń ké lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Kí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ tún wá máa sùn sínú ilé mi!

Ìjà yẹn kò tán bọ̀rọ̀. Mo fẹjọ́ rẹ̀ sun ọmọ wa obìnrin lórí fóònù ní yunifásítì. Mo rò pé yóò bá mi pariwo. Ẹ̀rín ló bú sí. "Mọ́mì, eré ìdárayá ni now," ó ní, pẹ̀lú Yorùbá rẹ̀ tí kò lókè tí kò nísàlẹ̀. "Wọ́n ń ṣe é ní Òlíńpíìkì." Bí mo ṣe gbé fóònù sílẹ̀, ńṣe ló dà bí ẹni pé èmi nìkan ni orí mi pé nínú ẹbí wa.

Níkẹyìn ọkọ mi ní, "Bá mi lọ síbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan péré. Tí ọkàn rẹ kò bá balẹ̀, mo jáwọ́."

Mo lọ. Mo múra bí ẹni tó ń lọ sí kóòtù. Lọ́kàn mi, àwọn ọkùnrin oníjàgídíjàgan tí wọ́n fín ara ni mo fẹ́ lọ bá níbẹ̀. A sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn tóóró kan, a kọjá ilẹ̀kùn irin, mo sì dúró sojú kan. Àwọn arúgbó ni mo bá! Ìyá kan tí wọ́n wọ súwẹ́tà òwú ń da tíì sínú kọ́ọ̀bù. Bàbá kan fi bébà bo ojú kan nínú jígí ojú wọn, wọ́n ń fi aṣọ nu ìbọn bí ìgbà téèyàn ń nu ọmọ tuntun. Kò sí ariwo, kò sí ìrégbè. Ibẹ̀ pa rọ́rọ́ bí ṣọ́ọ̀ṣì ọjọ́ ajé.

Bàbá Jàmáíkà wá kí mi, wọ́n fún mi ní ìbòtí tó ń dín ariwo kù, wọ́n ní kí n dúró sẹ́yìn ilà. Àwọn ayìnbọn tò. Ọwọ́ kan ni wọ́n fi na ìbọn síwájú. Èkejì wà nínú àpò ṣòkòtò bí ẹni tí ń dúró de bọ́ọ̀sì. Ẹnì kan pàṣẹ. Ìbọn ró.

Mo fò. Mi ò mọ ìgbà tí mo di ẹ̀wù Bàbá Jàmáíkà mú. Ìró yẹn wọ inú eegun àyà mi lọ, òógùn sì bò mí. Wọn ò fi mí rẹ́rìn-ín. Wọ́n sún mọ́ mi, wọ́n ní, "Nọ́ọ̀sì, má wo ìbọn. Ọwọ́ wọn ni kó o wò."

Mo wò ó. Ọwọ́ ń lọ sókè díẹ̀, ó ń bọ̀ sílẹ̀ díẹ̀, pẹ̀lú èémí olúwa rẹ̀. Tí ó bá dúró jẹ́ẹ́, ìgbà náà ni ìka á ṣẹ̀ṣẹ̀ fà á. Nígbà tó kan Bàbá Jàmáíkà, wọ́n yìn ín tán, wọ́n fa bébà wọn wá fún mi. Àwọn ihò náà ṣù jọ sí àárín òbìrípo dúdú débi pé ìdérí ìgò ọtí ẹlẹ́rìndòdò kan ṣoṣo lè bò wọ́n mọ́lẹ̀. Ẹnu mi kò lè padé. Ẹni àádọ́rin ọdún ó lé!

"Ṣé ìyàwó yín fara mọ́ èyí?" mo bi wọ́n.

"Kò fẹ́ rí i sójú," wọ́n ní. "Ó kàn fẹ́ràn ẹni tó ń ṣe é ni."

Mo fọwọ́ sí i. Àmọ́ mo fi òfin de ọkọ mi: àpótí irin tí wọ́n dè mọ́ ògiri, ọta lọ́tọ̀, ìbọn lọ́tọ̀, kò sì gbọ́dọ̀ sọ ọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Àwọn ọlọ́pàá tẹ̀ ẹ́ níka, wọ́n bi í léèrè títí ó fi sú u, kí wọ́n tó fún un ní láísẹ́ǹsì. Nígbà tó lọ sí ìdíje àkọ́kọ́, òun ló ṣe ìkẹyìn pátápátá. Ó wọlé, ó ń rẹ́rìn-ín láti etí dé etí, Bàbá Jàmáíkà sì wà lẹ́yìn rẹ̀, wọ́n ń lù ú lẹ́yìn bí ẹni pé ó gba adé. Háà! Mo ti bá ọkùnrin yìí gbé títí, mi ò rí irú ẹ̀rín yẹn lójú rẹ̀ rí.

Ọdún kan kọjá, ìyàwó Bàbá Jàmáíkà wá kú. Àìsàn ọkàn ló mú wọn lọ, kò sì pẹ́ rárá. A lọ sí ìsìnkú. Ṣọ́ọ̀ṣì kún. Gbogbo ayé ń bọ Bàbá lọ́wọ́, wọ́n ń bi wọ́n pé, "Ṣé kò sí wàhálà o?" wọ́n sì ń dáhùn pé kò sí. Lẹ́yìn ìyẹn wọn ò wá sí ilé ìyìnbọn mọ́. Ọkọ mi pè wọ́n, wọ́n ní òtútù ń mú àwọn. Mo gbé ọbẹ̀ lọ, wọ́n gbà á lẹ́nu ọ̀nà, wọn ò ní kí n wọlé.

Lọ́jọ́ Ìsinmi kan, a ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti ṣọ́ọ̀ṣì, mo ń tú gèlè lọ́wọ́, aago ẹnu ọ̀nà dún. Ọkọ mi ṣílẹ̀kùn. Bàbá Jàmáíkà ló dúró nínú òjò, láìsí ẹ̀wù òtútù, láìsí agbòòrùn. Wọ́n wọlé, wọ́n jókòó sí etí àga, omi ń kán láti orí wọn sórí rọ́ọ̀gì. Wọ́n rí mi, wọ́n sì yára gbójú sílẹ̀. Wọ́n wá sọ fún ọkọ mi pé, "Mo fẹ́ kó o wá kó àwọn ìbọn mi. Gbogbo wọn."

Ojú ọkọ mi tàn. Ó rò pé ẹ̀bùn ni. "Ha, sà! Ẹ ṣeun púpọ̀, àmọ́ kí lẹ ó máa fi yìn—"

Mo ti ń wo ọwọ́ wọn. Ọwọ́ tí kò gbọ̀n rí lẹ́yìn ilà yẹn ń gbọ̀n lórí orúnkún wọn bí ewé. Mo pa tẹlifíṣọ̀n. Mo fi ọ̀rọ̀ ọkọ mi sílẹ̀, mo kúnlẹ̀ síwájú wọn kí ojú wa lè ṣe mẹ́rin.

"Bàbá, ṣé ẹ ń rò ó láti pa ara yín?"

"Ìyá Ìbejì!" Ọkọ mi ta gìrì. "Kí ló dé? Irú ìbéèrè wo nìyẹn?"

Mi ò gbójú kúrò lára Bàbá. Èmi ni wọ́n ń rán sí aláìsàn láti bi wọ́n ní irú ìbéèrè yìí níbi iṣẹ́. Mo mọ̀ pé bíbéèrè rẹ̀ kì í ti èrò náà sí èèyàn lórí. Bàbá fi ọwọ́ nu omi òjò kúrò lójú.

"Bẹ́ẹ̀ ni," wọ́n ní. "Láti àárọ̀. Mo ti ṣí àpótí. Mo tún tì í. Ẹsẹ̀ mi ló gbé mi wá síbí."

Mo ti gbọ́ "bẹ́ẹ̀ ni" yẹn lẹ́nu àwọn tí mi ò mọ̀ rí, mo sì ti ṣe ohun tó yẹ láìmikàn. Àmọ́ nínú pálọ̀ tèmi, lẹ́nu ọkùnrin tó ń kó yìnyín fún wa, ara mi bù máṣọ. Mo di ọwọ́ méjèèjì wọn mú, mo ní, "Ẹ ṣé tí ẹ sọ ọ́. A ò ní fi yín sílẹ̀."

Ọkọ mi dúró bí ère. Mo ní kó pe ọ̀gá ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ra ọta, torí òfin kò gbà kó kàn kó ìbọn oníbọn sínú ilé tirẹ̀. Ọ̀gá yẹn kò tiẹ̀ jẹ́ kó sọ̀rọ̀ tán. Ó ní ká kó wọn bọ̀, pé òun ń lọ ṣí ṣọ́ọ̀bù nísinsìnyí, pé Bàbá kọ́ ni ẹni àkọ́kọ́ tó máa kó ìbọn wá bẹ́ẹ̀.

Àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta la jọ lọ sílé Bàbá. Ọkọ mi gba kọ́kọ́rọ́, ó sọ̀ kalẹ̀ sí àjà ilẹ̀; èmi àti Bàbá dúró ní kíṣìnì. Ọbẹ̀ tí mo gbé wá ṣì wà lórí sítóòfù, ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kàn án. Bàtà inú ilé ìyàwó wọn wà lábẹ́ tábìlì, ìkan dojú bolẹ̀. A gbọ́ ìró irin nísàlẹ̀, ká-ká, lẹ́yìn náà ìdákẹ́, lẹ́yìn náà ká-ká.

"Ó ń yẹ̀ wọ́n wò pé kò sí ọta níbẹ̀," Bàbá ní. "Ẹ̀ẹ̀mejì ló ń wò ó. Èmi ni mo kọ́ ọ." Ìgbà náà ni wọ́n bú sẹ́kún. Mi ò tíì gbọ́ irú ẹkún bẹ́ẹ̀ lẹ́nu àgbà ọkùnrin.

A kó àwọn ìbọn fún ọ̀gá ṣọ́ọ̀bù. Láti ibẹ̀ a gbé Bàbá lọ sí ilé ìwòsàn tí mo ti ń ṣiṣẹ́, Bàbá sì gbà kí wọ́n dá àwọn dúró síbẹ̀. Mo jókòó tì wọ́n títí dókítà fi wá. Ọmọ wọn obìnrin bá bàálù wá láti Florida, ó wo ojú mi. Ó kàn gbé orí lé mi léjìká níwájú àwọn tí mo ń bá ṣiṣẹ́. Nígbà tí Bàbá jáde, ọmọ náà mú wọn lọ sọ́dọ̀ ara rẹ̀ títí òtútù fi parí.

Ìgbà tí igi ń rúwé ni wọ́n padà dé. Wọ́n ti rù, ṣùgbọ́n wọ́n ń jẹun, wọ́n sì ń lọ rí dókítà wọn. Wọ́n ní kí ọ̀gá ṣọ́ọ̀bù bá àwọn ta àwọn ìbọn náà. Ní ilé ìyìnbọn, àwọn ni wọ́n ń pàṣẹ fún àwọn ayìnbọn báyìí. Ohùn tí wọ́n fi ń lé èrò wọ bọ́ọ̀sì ti rí iṣẹ́ mìíràn.

Lọ́jọ́ ìdíje kan níbẹ̀, tí ọkọ mi wà lórí ilà, mo bá wọn jókòó sẹ́yìn. Mo ní, "Bàbá, inú mi dùn pé ọ̀dọ̀ wa lẹ wá lọ́jọ́ yẹn."

Wọ́n wò mí. "Nọ́ọ̀sì, jẹ́ kí n sọ òótọ́ fún ọ. Ọkọ rẹ ni mo wá bá. Mo mọ̀ pé onítìjú ni, pé á kó ìbọn, á dúpẹ́, kò ní bi mí ní ohunkóhun. Ọ̀kan nínú àwọn ìbọn náà wà tí mo ti yọ sẹ́yìn tẹ́lẹ̀, mo fi pamọ́ sínú kọ́bọ́ọ̀dù. Mo fẹ́ kí ó kó èyí tó kù, kí ó má bàa sí wàhálà tí wọ́n bá wá kó ẹrù mi lẹ́yìn ikú mi. Mo ti rò pé o wà níbi iṣẹ́."

Mo di apá wọn mú. Ilé yẹn, kíṣìnì yẹn! "Kọ́bọ́ọ̀dù wo?"

"Fọkàn balẹ̀. Lẹ́yìn ìbéèrè rẹ yẹn, mo sọ ọ́ sí ọkọ rẹ létí nígbà tí mo ń fún un ní kọ́kọ́rọ́. Ó mú un." Wọ́n fọwọ́ kan èjìká mi, wọ́n dìde, wọ́n lọ pàṣẹ ìyípo tó kàn.

Ọkọ mi kò sọ ọ́ fún mi rí. Nígbà tí a ń lọ sílé, mo bi í. Ó yà sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà, ó pa ọkọ̀.

"Ìbọn inú kọ́bọ́ọ̀dù yẹn ti ní ọta nínú," ó ní. "Mi ò mọ bí mo ṣe máa sọ fún ọ."

A jókòó síbẹ̀, àwọn ọkọ̀ ń kọjá, ó di ọwọ́ mi mú títí ara wa fi balẹ̀ kó tó tún ṣíná sí ọkọ̀.