Kíjìpá Tí Mùfú Kọ̀

Òórùn káńfọ̀ ló dá mi dúró lánàá lọ́jà Lánlátẹ̀. Mo ti já èrò tí mo gbé láti Èrúwà sílẹ̀, mo ti ń yí ọ̀kadà padà, torí èmi kì í pẹ́ níbì kan, àfi bí màmá olókìrìkà kan ṣe tú ìdì aṣọ tuntun. Òórùn náà bú jáde, ó bá ọyẹ́ wọ imú mi. Bí mo ṣe máa wẹ̀yìn, ta ni mo rí? Lùkúmánù, àbúrò Mùfú ọ̀rẹ́ mi. Ó na ẹ̀wù dúdú kan mọ́ àyà, ẹ̀wù tó ń fà bíi rọ́bà, tó ń dán bí ẹ̀yìn ejò.

"Bọ̀ọ̀dá, ẹ wò ó," ló wí. "Àwọ̀tẹ́lẹ̀ tí mo máa wọ̀ lọ sígbẹ́ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ rèé. Òtútù ò ní í rí mi gbé ṣe!"

Ẹ̀wù náà ni mò ń wò.

Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí, ẹ jẹ́ n tètè sọ ọ́ fún yín, torí n ò ní sùúrù ìtàn gígùn.

Nígbà tí èmi àti Mùfú wà ní kékeré, ọyẹ́ máa ń wọlé bí àlejò tí ò kan ilẹ̀kùn. Láàárọ̀, àpáta ẹ̀yìn ilé á pòórá nínú kùrukùru, ètè á là, ẹsẹ̀ á funfun bíi ti ẹni tó tẹ eérú. Àwọn ìyá wa á dáná sáàárín agboolé, àá yí i ká, Mùfú á máa ti gbogbo wa kó lè sún mọ́ iná jù. Kò sọ́mọ tí òtútù ń mú tó o. Èmi lágbára jù ú, mo mọ odò wẹ̀ jù ú, mo mọ eré sá jù ú. Ẹnu nìkan ló fi jù mí.

Ìwé ò wọ̀ wá lórí. Tíṣà á máa kọ nǹkan sójú pátákó, àwa á máa wo ojú fèrèsé, à ń wá èéfín. Tí èéfín bá ti yọ lápá oko, ìgbà ìgbẹ́ sísun dé nìyẹn. Àwọn kan á tiná bọ koríko gbígbẹ láti apá kan, àwọn tó kù á dúró lápá kejì pẹ̀lú kùmọ̀ àti ajá, kí ọ̀yà tó bá ń sá jáde lè bọ́ sí wọn lọ́wọ́. Ìdájí ni wọ́n máa ń kúrò nílé, nínú òtútù tó ń gé etí, ṣùgbọ́n ó di ìgbà tí ìrì bá gbẹ kí wọ́n tó ṣáná. Ibẹ̀ ni wàhálà wà. Aṣọ tí èèyàn máa wọ̀ sínú gbọ́dọ̀ lè bá òtútù jà láàárọ̀, kó má sì bá iná ṣọ̀rẹ́ lọ́sàn-án.

Bàbá àgbà Mùfú ni olórí ìgbẹ́ náà. Wọ́n á kírun tán, wọ́n á gbé ìbọn. Ọdún tí wọ́n kọ́kọ́ gbà pé kí àwa méjèèjì tẹ̀ lé àwọn, wọ́n wọ yàrá, wọ́n mú ẹ̀wù kíjìpá kan jáde, èyí tí ìyàwó wọn fọwọ́ ara rẹ̀ hun kó tó kú. Ó nípọn bí awọ màlúù, ó pọ́n bí omi odò ìgbà òjò, èéfín ọ̀pọ̀ ọdún sì ti mu ún.

"Wọ̀ ọ́ sábẹ́ gbérí ọdẹ ẹ," ni bàbá wí fún Mùfú. "Ohun tó ń dán kì í wọ ìgbẹ́."

Mùfú yínmú. "Bàbá, ó ń yún mi o. Ó tún ń rùn bí òbúkọ."

Ó ti ní tiẹ̀. Ó ti fi owó tó gbà níbi tó ti ru pákí ra ẹ̀wù dúdú kan lọ́wọ́ olókìrìkà. Ó lẹ̀ mọ́ ọn lára típẹ́típẹ́, ó sì wọ gbogbo wa lójú. Kí n má purọ́, tó bá gbà ni, ṣòkòtò mi ni ǹ bá bọ́ fi ṣe pààrọ̀. Mo bẹ̀ ẹ́ títí. Dípò ìyẹn, ó ju kíjìpá bàbá lù mí láyà.

"Gbà, Arúgbó. Ìwọ ni irú èyí yẹ."

Àwọn ẹgbẹ́ wa fẹ́rẹ̀ẹ́ kú sẹ́rìn-ín. Arúgbó ni mò ń jẹ́ lẹ́nu ẹ̀ látọjọ́ náà. Mo wọ kíjìpá náà bẹ́ẹ̀, torí síńgílẹ́ẹ̀tì tó ti já ni mo ní.

Lọ́jọ́ ìgbẹ́, òtútù ò mú mi. Kò mú Mùfú náà. Ẹ̀wù ẹ̀ ń ṣiṣẹ́, òun fúnra ẹ̀ sì ń gbá àyà kiri. "Arúgbó, ṣé o ò tíì kú?" Wọ́n ṣáná. Ọ̀yà àkọ́kọ́ tó jáde, èmi ni mo pa á, ẹ bi ẹnikẹ́ni. Ẹnu ìyẹn la wà tí atẹ́gùn fi yí padà.

Iná tó dojú kọ ibòmíì kàn ṣíjú sọ́dọ̀ wa. Bàbá pariwo, "Ẹ sá gba inú ẹ̀ kọjá! Ẹ bọ́ síbi tó ti jó!" Mo sá, Mùfú tẹ̀ lé mi. Ooru gbá mi lójú, n ò rí nǹkan kan, ká tó mọ̀, a ti wà lórí eérú. Gbérí àwa méjèèjì ń jó, a bọ́ ọ jù nù. Apá kíjìpá mi ti dúdú, ó ń rú èéfín. Mo gbọ̀n ọ́n, iná ẹ̀ kú. Mùfú ń rẹ́rìn-ín. "Arúgbó, irun ojú ẹ dà?"

Ẹ̀yìn ìyẹn ló wo ara ẹ̀.

Ẹ̀wù yẹn ò jó. Ó yọ́ ni. Ó yọ́ wọ inú awọ. N ò mọ ibi tí ẹ̀wù parí sí tí Mùfú ti bẹ̀rẹ̀. Mo nawọ́ kí n bá a fà á kúrò, bàbá gbá ọwọ́ mi dànù. "Má fà á! Má fọwọ́ kàn án!" N ò gbọ́ irú ohùn bẹ́ẹ̀ lẹ́nu wọn rí.

A gbé e dé ọsibítù. Ẹ wò ó, ní gbogbo ìgbà tó wà níbẹ̀, kò ké iná. Òtútù ló ń ké. "Arúgbó, òtútù ń mú mi." Ọmọ tí iná jó, ó ń gbọ̀n bí ewé. Mo bọ́ kíjìpá, mo fẹ́ dà á bò ó. Nọ́ọ̀sì ní rárá, aṣọ lásán ò gbọdọ̀ kan ojú ọgbẹ́ yẹn. Mo kàn dúró síbẹ̀. Mo di ẹ̀wù tó móoru jù nílùú wa mú lọ́wọ́, ọ̀rẹ́ mi ń gbọ̀n níwájú mi.

Ọyẹ́ ọdún yẹn ò tíì kásẹ̀ nílẹ̀ tá a fi sin ín.

Mo gbé ẹ̀wù náà lọ fún bàbá. Wọ́n wò ó títí. Wọ́n ní, "Ẹni tó hun ún ti lọ. Ẹni tí mo mú un jáde fún ti lọ. Ọyẹ́ ò lọ. Máa wọ̀ ọ́."

Bàbá náà ti kú báyìí. Àwọn ìyá tó ń hun kíjìpá tó nípọn bẹ́ẹ̀ ti tán lágboolé wa, kò sì sẹ́ni tó kọ́ ọ lọ́wọ́ wọn, torí òkìrìkà ti kún ọjà. Koríko ṣì ń gbẹ. Atẹ́gùn ṣì ń yí láìsọ fún ẹnikẹ́ni.

Ohun tó wà lójú mi lánàá nìyẹn. Ọmọ ẹ̀yìn ìyá ẹ̀ ni Lùkúmánù nígbà yẹn. "Iná ni" nìkan ni wọ́n sọ fún un. Màmá Mùfú ò lè sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Mo bọ́ sílẹ̀ lórí ọ̀kadà. Mo já ẹ̀wù yẹn gbà lọ́wọ́ ẹ̀, mo fa láítà yọ, mo ṣáná sí etí apá ẹ̀.

"Yéè! Ọlọ́kadà yìí ti ya wèrè!" Màmá olókìrìkà fò dìde. "Ta ló máa ra ìyẹn?"

"Èmi ni, màmá. Ẹ fara balẹ̀."

Ó yọ́. Ó ń kán tó, tó, sórí iyanrìn, èyí tó kán sì ṣì ń jó nílẹ̀.

"Ohun tí ẹ̀gbọ́n ẹ wọ̀ nìyí," mo wí fún un.

Lùkúmánù lóṣòó tì í. Ó ń wo ilẹ̀ títí iná kékeré yẹn fi kú.

Mo bọ́ jákẹ́ẹ̀tì mi láàárín ọjà, mo bọ́ kíjìpá tó wà lábẹ́ ẹ̀, tòun ti apá ẹ̀ tó ṣì dúdú. Mo fi lé e lọ́wọ́. Ó wọ̀ ọ́ díẹ̀díẹ̀, ó sì yínmú.

"Bọ̀ọ̀dá, ó ń yún mi o. Ó tún ń rùn bí òbúkọ."

Ohùn Mùfú gẹ́lẹ́.

"Má bọ́ ọ," ni mo wí.

Mo gun ọ̀kadà mi. Èmi tí mo máa ń fọ́nnu pé òtútù ò mú mi rí, mo gbọ̀n títí mo fi délé ní Èrúwà.